Owó kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì àti owó ìwádìí sọ́mà fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD: ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?

Adúnní_Ẹ̀gbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo wà ní ọdún kejì PhD ní history níbí ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ mi dá lórí àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta tí wọ́n láwọn ò san owó orí mọ́, àwọn tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún títí Aláké Adémọ́lá fi sọ oyè kalẹ̀ ní January 1949. Nǹkan méjì ni mo ń wá owó sí. Mo ti fi abstract (àkótán ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ) ránṣẹ́ sí kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì ASA, ìyẹn African Studies Association, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Mo sì fẹ́ wálé ní sọ́mà láti lọ ka fáìlì n'Ìbàdàn àti l'Abẹ́òkúta, kí n bá àwọn ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ tí ìyá tiwọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Graduate school wa ní owó ìwádìí sọ́mà, $3,000 ló pọ̀ jù tí wọ́n ń fún èèyàn, ìparí oṣù yìí ni fọ́ọ̀mù máa tì. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé kí n lọ gba Fulbright-Hays, owó ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, mo lọ wò ó, ọmọ Amẹ́ríkà àti oní green card nìkan ni wọ́n ń fún, físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, lèmi wà. Owó kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì ti dípátímẹ́ǹtì wa wá rèé, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ná tèmi, kí n kó rìsíìtì wá, wọ́n á dá a padà. Èwo ni tèmi níbẹ̀? Stipend tí owó ilé ń jẹ tán kí oṣù tó dé ìdajì! Ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí lẹ sì ń kọ sínú proposal yẹn tí wọ́n fi ń fún yín? Ẹ má bínú pé ó gùn o.

Bàbá_Ìbejì_Houston

Àbúrò, iṣẹ́ gidi lo gbé dání yẹn, Olúwa á jẹ́ kó yọrí sí rere. Jẹ́ ká fi àwọn orúkọ ńláńlá sílẹ̀ ná. Àjọ Wenner-Gren tó ń fúnni lówó ìwádìí ò bèèrè orílẹ̀-èdè tèèyàn ti wá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ anthropology ló wà fún, ó sì dìgbà tó o bá ń lọ ṣe dissertation gan-an. Ní ọdún kejì, inú ọgbà iléèwé rẹ lowó wà, ó kàn fọ́n káàkiri ni. Dípátímẹ́ǹtì ní díẹ̀, graduate school ní díẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD fúnra wọn sábà máa ń ní, ibi tí wọ́n ti ń ṣe African Studies náà ní, kó o tún lọ kan ilẹ̀kùn women's studies, ṣebí ọ̀rọ̀ obìnrin lo ń kọ. Ẹnì kan fún ẹ ní $500 níbí, ẹnì kan fún ẹ ní $300 lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kó o ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó o ti ń bèèrè, má sì fi rìsíìtì kan gbowó lọ́nà méjì, ìyẹn lè lé èèyàn kúrò níléèwé.

Ní ti ASA tí ò tíì dáhùn, máa kọ fọ́ọ̀mù lọ. Ọ̀pọ̀ wọn gbà kéèyàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń retí èsì, tí lẹ́tà bá dé o fi ránṣẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún, tó o bá jókòó de lẹ́tà, owó ọdún yẹn á ti tán.

Ọ̀rọ̀ ná-tìẹ-ná yẹn, èmi náà kórìíra ẹ̀, olówó ló ṣòfin yẹn fún olówó. Ṣùgbọ́n má lọ bá professor kankan sọ ọ́, wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Obìnrin tó ń ṣètò owó ní ọ́fíìsì dípátímẹ́ǹtì ni kó o lọ bá, kí i dáadáa, bi í bóyá wọ́n lè bá ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tààrà kó máà gba ọwọ́ ẹ kọjá, bi í bóyá wọ́n lè fi káàdì dípátímẹ́ǹtì san owó ìforúkọsílẹ̀, bi í bóyá travel advance wà, ìyẹn owó ìrìn àjò tí wọ́n ń fúnni ṣáájú. Bèèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan o, torí tó o bá kàn ní "ẹ jọ̀ọ́ kò sówó lọ́wọ́ mi", wọ́n á ní pẹ̀lẹ́, ó tán. Má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan kí wọ́n tó buwọ́ lu ìrìn àjò náà. Tí owó tí wọ́n fún ẹ bá ti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá, òfin Fly America wà ńbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ wọn bíi Delta tàbí United ni wọ́n fẹ́ kó o wọ̀, tó o bá lọ ra èyí tó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì bèèrè, wọ́n lè sọ pé àwọn ò san án.

Èyí tẹ́nì kan kì í sọ féèyàn ni owó orí (orí owó orí náà lo tún ń kàwé lé, ayé yìí!). Owó tí wọ́n dá padà lórí rìsíìtì sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ owó orí, ṣùgbọ́n $3,000 sọ́mà yẹn, tí wọ́n bá gbé e lé ẹ lọ́wọ́ bíi fellowship, 14% ni wọ́n lè yọ nínú ẹ̀ torí F-1 lo wà, Nàìjíríà ò sì ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà tó lè gbà ẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, $420 ti lọ nìyẹn, $2,580 ló máa wọ báńkì. $2,580 ni kó o fi ṣètò lọ́kàn ẹ. Fọ́ọ̀mù 1042-S ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹ lẹ́yìn ọdún, tọ́jú ẹ̀ de 1040-NR, fọ́ọ̀mù owó orí àwọn àlejò.

Títí_lórí_ìwé

Mo ti jókòó rí nínú kọmití tó ń pín irú owó báyìí, èmi ni mo ṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó máa ka ìwé ẹ lè jẹ́ ará chemistry, ó lè jẹ́ ẹni tó ń kọ́ọ̀yàn ní dùùrù, kò mọ Abẹ́òkúta yàtọ̀ sí Àkúrẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Tó o bá kọ ọ́ pé "mo fẹ́ ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lábẹ́ ìjọba amúnisìn", o ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Kọ ọ́ báyìí: "Ìwé àti lẹ́tà Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ka àwọn tó jẹ́ ti 1947 sí 1949, láti mọ bí àwọn obìnrin ọjà tí ò kàwé àti àwọn tó kàwé ṣe ń ṣèpàdé pọ̀. Ibẹ̀ ni orí kejì dissertation mi ti máa jáde." Ará chemistry gan-an á lóye ìyẹn, ó mọ ibi tó ò ń lọ, ó mọ nǹkan tó o fẹ́ gbé bọ̀.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì náà, má kọ "owó ìnáwó mìíràn $500", a máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín ni. Kọ tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ pẹ̀lú iye tó o rí àti ọjọ́ tó o rí i, kọ ibùgbé, kọ mọ́tò Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, kọ owó ẹ̀dà ìwé. Iye náírà tí dọ́là kan jẹ́ lọ́jọ́ tó o ń kọ ọ́, fi síbẹ̀, torí kó tó di sọ́mà ó ti lè yí. Fáìlì kíkà ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tó o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ yẹn, lọ bi àwọn IRB iléèwé ẹ, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí tó kan èèyàn, báyìí báyìí bóyá wọ́n máa fẹ́ buwọ́ lù ú. Ó máa ń pẹ́. Súpáfáísọ̀ ẹ náà, fún un ní proposal kó tó kọ lẹ́tà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ọdún tó kọjá ló máa tún fi ránṣẹ́.

Ọmọ_Agbowó

Àǹtí Adúnní, ẹ kú ìmúra o. Èmi wà ní UI níbí. Ẹ jẹ́ kí Ìbàdàn gba ọjọ́ tó pọ̀ jù, torí inú ọgbà UI kan náà ni National Archives àti Kenneth Dike Library wà, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní Abe Prof, ìyẹn ti ọ́fíìsì Abẹ́òkúta Province, Archives n'Ìbàdàn náà ló wà. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ yín, kó ní orí ìwé yunifásítì, kí wọ́n buwọ́ lù ú pẹ̀lú bírò gidi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tó pọ̀ díẹ̀, gbogbo tábìlì ló ń fẹ́ tiẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA, ẹ gbé power bank wá.

Kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì Lagos Studies Association máa ń wáyé ní UNILAG ní oṣù kẹfà. Tẹ́ ẹ bá ní abstract níbẹ̀, owó kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì á gbé yín dé Èkó, owó sọ́mà á wá gbé yín ró n'Ìbàdàn, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Àwọn IFRA, ilé ìwádìí ilẹ̀ Faransé, náà wà nínú ọgbà UI níbí, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó kékeré fún ìwádìí, ẹ máa yọjú sí ìkéde wọn.

Ìyá_Ẹniọlá

Gbogbo ẹ̀ dáa o, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó bi ọmọ yìí léèrè físà ẹ̀. Adúnní, ìgbà wo ni físà inú pásípọ́ọ̀tù ẹ máa kú? Láti July 2025, físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà ti di oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn lè fi wọlé. January 1, 2026 ni wọ́n tún wá dá fífún wa ní F tuntun dúró, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì wà láàyè lè lọ kó bọ̀, kó ṣáà ti gba àfọwọ́sí ìrìn àjò tuntun sórí I-20 ẹ̀, ìwé tí iléèwé fún un fún físà. Ṣùgbọ́n ẹni tí físà ẹ̀ bá kú sí Ìbàdàn, ta ló máa fún un ní òmíràn? Bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ kó o tó kọ lẹ́tà kankan sínú fọ́ọ̀mù yẹn. Má jẹ́ kí $3,000 gba PhD lọ́wọ́ ẹ.

Adúnní_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé mà. Mo ṣí pásípọ́ọ̀tù wò, oṣù keje ni físà náà máa kú, àárín sọ́mà gan-an. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá wá pẹ́ tàbí ara mi ò yá ńkọ́? Mi ò lọ mọ́ o. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ owó yẹn. Kí ni kí n wá fi kọ ọ́?

Bàbá_Ìbejì_Houston

Yí i padà, ó ṣì dáa. Herskovits Library ní Northwestern, ní Evanston, iṣẹ́ Áfíríkà nìkan ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀. Lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀, Chicago ò jìnnà, Center for Research Libraries wà ńbẹ̀ pẹ̀lú àwọn microfilm lóríṣiríṣi, àwọn iléèwé tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn tiẹ̀ lè yá wọn wá sílé. Lẹ́tà láàárín gómìnà Nàìjíríà àti London, National Archives ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew ni wọ́n wà, lábẹ́ nọ́ńbà CO 583, wọ́n máa ń bá èèyàn ṣe ẹ̀dà tó bá sanwó, fi ìyẹn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà wá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní UI tó máa bá ẹ ka àwọn ìwé tó wà ní Kenneth Dike, kó o kọ owó ẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó olùrànlọ́wọ́ ìwádìí.

Adúnní_Ẹ̀gbá

Ọmọ_Agbowó, ṣé ẹ gbọ́? 😄 Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa fi rìsíìtì ẹni tó wà n'Ìbàdàn hàn wọ́n?

Títí_lórí_ìwé

Kọ́kọ́ bi graduate school bóyá wọ́n gbà kó o san owó fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, àwọn kan ò gbà. Tí wọ́n bá gbà, ẹ kọ àdéhùn ojú ìwé kan: iṣẹ́ tó máa ṣe, wákàtí mélòó, iye owó, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì kó ní àkọsílẹ̀, kó sì kọ ìwé pé òun gbà á.

Ọmọ_Agbowó

Mo gbọ́ o, Àǹtí. Ẹ fi orúkọ àwọn fáìlì tẹ́ ẹ ń wá ránṣẹ́ sí mi ní inbox, màá lọ wo katalọ́ọ̀gì lọ́jọ́ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, kó má di pé ẹ kọ nǹkan tí ò sí níbẹ̀.