Rélùwéè láti Yábàá dé pápákọ̀ òfurufú, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lórí fóònù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Màmá mi ń wọ bàálù lọ sí Àbújá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì ló ń bà mí lẹ́rù, mo wá rò ó pé ká wọ rélùwéè Red Line ní Yábàá, ká sọ̀ ní Ìkẹjà. Káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Láti ibùdókọ̀ yẹn dé pápákọ̀ òfurufú, kí ló dáa jù fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, pẹ̀lú báàgì ńlá méjì?

Ẹ̀ẹ̀kejì, inú ímeèlì mi ni tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wọn wà, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni wọ́n sì ń lò. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ṣé wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.