Mo fẹ́ yọ igi tí wọ́n fà lé ọ̀rọ̀ nínú Excel, àwọn kan kò kúrò

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mò ń tún ṣe nínú Excel. Ìlà 640 ni, èdè Faransé sì ni Excel náà ń lò. Ẹni tó ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fagi lé nǹkan káàkiri: orúkọ ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́, owó tí wọ́n ti san, àti nọ́ńbà fóònù àtijọ́ láti ìgbà tí 01 ti dé síwájú nọ́ńbà Benin. A fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fún ìpàdé gbogboogbò, ó sì yẹ kó mọ́. Mo tẹ Ctrl+5: igi kúrò lára àwọn kan, ó gorí àwọn tí kò ní tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mira. Mo wá lo "Effacer les formats" lórí òpó kan, ni ọjọ́ bá di 45658. Mo ti fi Ctrl+Z dá a padà. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun àkọ́kọ́ ni F12: ẹ fi orúkọ mìíràn tọ́jú ẹ̀dà kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ctrl+5 kò bà jẹ́. Nínú gbogbo àpótí tí ẹ bá yàn, ọ̀kan á funfun, ìyókù á ṣókùnkùn díẹ̀. Èyí tó funfun yẹn ni Excel ń wò. Bí kò bá ní igi lára, Excel á gbà pé ẹ fẹ́ fagi lé gbogbo wọn. Ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ á kúrò. Bọ́tìnnì 5 tó wà lókè lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, èyí tí ( wà lára rẹ̀, ni kí ẹ lò, ẹ má sì di Maj (Shift) mú. 5 tó wà lápá ọ̀tún láàárín àwọn nọ́ńbà kì í ṣe iṣẹ́ yìí.

Èyí tó dájú jù ni Ctrl+1, ẹ lọ sí "Police", kí ẹ yọ àmì iwájú "Barré". Bí ẹ bá rí i pé kò ní àmì, kò sì ṣófo, bí ẹni pé nǹkan dí i, ó ń sọ fún yín pé àwọn kan ní igi, àwọn kan kò ní. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣófo pátápátá, kí ẹ tó tẹ OK.

"Effacer les formats" kò dára fún iṣẹ́ yìí. Gbogbo aṣọ ara àpótí ló ń bọ́ sílẹ̀: àwọ̀, ìlà ẹ̀gbẹ́, bí ọjọ́ ṣe ń hàn. Nọ́ńbà ni Excel fi ń ka ọjọ́. 45658 tí ẹ rí yẹn, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni.

Aṣírò, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn tí kò mira. Ẹ yan ọ̀kan nínú wọn, Ctrl+1, "Police". Bí ẹ bá ń fojú rí igi lórí ọ̀rọ̀, àmọ́ tí "Barré" ṣófo, òfin kan tí wọ́n fi sínú Excel ló ń fà á, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Ctrl+5 kò lè ká òfin.

Ẹ lọ sí "Accueil", "Mise en forme conditionnelle", "Gérer les règles". Lókè fèrèsé tó bá ṣí, ẹ yan "Cette feuille de calcul", torí bí ẹ kò bá yàn án, òfin tó kan àpótí tí ẹ dúró sí nìkan lẹ máa rí. Owó tí wọ́n ti san tí ẹ sọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá nǹkan bíi =$F2="Payé" níbẹ̀. Bí òfin náà bá tún ń kun àwọ̀ tí ẹ ṣì ń lò, ẹ má pa á rẹ́. "Modifier la règle", "Format", kí ẹ yọ "Barré" nìkan.

Bí kò bá sí òfin kankan, ẹ fa ìlà náà kó ga sí i. Bí igi kò bá bá ọ̀rọ̀ rìn, ìlà tí wọ́n fi eku yà ni. F5, "Cellules", "Objets", OK, á mú gbogbo ohun tí wọ́n yà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ Suppr (Delete), nítorí àmì ẹgbẹ́ yín tó wà lókè ìwé á bá a lọ.

Olùtọ́jú Owó, Àjàṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Igi yẹn ń sọ̀rọ̀, bí ẹ bá sì yọ ọ́ báyìí, ẹni tó wà àti ẹni tó ti lọ di ọ̀kan náà. Kò ní sí ohun tí ẹ máa fi dá wọn mọ̀ mọ́.

Ẹ tún wo owó yín. SOMME, fọ́múlà tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, kò mọ igi. Bí ẹni 12 bá ti kúrò, tí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5,000 fráǹkì, tí wọ́n kàn fagi lé wọn, SOMME ṣì ń ka 60,000 fráǹkì yẹn mọ́ owó ẹgbẹ́. Kò sí fọ́múlà tí Excel fi ń bi àpótí bóyá igi wà lára rẹ̀. "Filtrer" náà kò mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ ni "Filtrer" mọ̀. Nítorí náà, ẹ sọ igi di àwọ̀, kí ẹ sọ àwọ̀ di ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ igi.

Ẹ yan òpó orúkọ. Ctrl+F, "Options", "Format", "Police", ẹ fi àmì sí "Barré", OK. Ẹ má kọ ohunkóhun sí ibi ọ̀rọ̀. "Rechercher tout". Àwọn tó rí á tò sísàlẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ tẹ Ctrl+A, ó ti yan gbogbo wọn nìyẹn. Ẹ ti fèrèsé náà, kí ẹ kun wọ́n ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ wá ṣí òpó tuntun, ká ní H, kí ẹ pè é ní "Ipò". "Filtrer par couleur" lórí orúkọ, ẹ yan àpótí H tó hàn, kọ "lọ", kí ẹ tẹ Ctrl+Entrée kó bá gbogbo wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò ní àwọ̀, kí ẹ kọ "wà".

Ká ní òpó D ni owó wà, owó ẹgbẹ́ á wá jẹ́ =SOMME.SI(H2:H641;"wà";D2:D641). Ìgbà yìí ni Ctrl+5 tó yọ igi kò léwu mọ́.

Ẹ rántí pé àpótí tí igi gbà tán ni Ctrl+F yìí ń rí. Èyí tí wọ́n fagi lé ìdajì rẹ̀, kò ní í mú un.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Kétu
Ẹ ṣeun gan-an. Òfin "Payé" ni mo bá lóòótọ́. Ó wá ku fóònù: nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun jọ wà nínú àpótí kan náà, àtijọ́ nìkan ni wọ́n fagi lé.

Aṣírò, Ṣábẹ̀ẹ́
Ibẹ̀ ni kí ẹ má yọ igi rárá kí ẹ tó yọ nọ́ńbà. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà Benin ti kúrò ní 8, tó di 10, tí 01 ṣáájú. Tuntun ló wà lẹ́yìn, àbí? Ká ní òpó C ni fóònù wà, ẹ kọ èyí sí òpó I:

=DROITE(SUBSTITUE(SUBSTITUE(C2;" ";"");CAR(160);"");10)

Ó ń kó àlàfo kúrò, ó sì ń mú 10 tó kẹ́yìn. CAR(160) ni àlàfo tó máa ń bá ọ̀rọ̀ wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àlàfo gidi. Ẹ fa á dé ìsàlẹ̀, ẹ dà á kọ, "Collage spécial", "Valeurs", sórí òpó I kan náà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pa òpó C rẹ́. Bí ẹ bá pa C rẹ́ ṣáájú, àmì àṣìṣe #REF! ló máa kún ibẹ̀.

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́
Orúkọ tí wọ́n fagi lé ìdajì rẹ̀, bí orúkọ ilé ọkọ bá rọ́pò ti ilé bàbá, F2 ni. Ẹ di Maj mú, kí ẹ fi ọfà yan ibi tí igi wà, kí ẹ tẹ Suppr.

Oníṣòwò Gàrí, Kétu
Àwa tó ń fi fóònù ṣe é nínú Google Sheets ńkọ́?

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́
Ẹ tẹ àpótí náà, ẹ tẹ A tí ìlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókè, "Texte", kí ẹ tẹ S tó ní igi láàárín. Lórí kọ̀ǹpútà, "Format", "Texte", "Barré".

Olùtọ́jú Owó, Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ẹ má tíì pa òpó C rẹ́ o. Kétu lẹ wà, àwọn kan á ní nọ́ńbà Nàìjíríà, 11 ni tiwọn, DROITE á sì gé òdo iwájú rẹ̀ sọnù. Ẹ kọ =GAUCHE(I2;2)="01" sí òpó J, kí ẹ fi "Filtrer" mú FAUX, ìyẹn àwọn tí kò fi 01 bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ fi ọwọ́ tún kọ láti inú C, kí ẹ fi ' ṣáájú kí òdo má baà sọnù. Ẹni tí nọ́ńbà àtijọ́ 8 nìkan wà fún náà á yọjú níbẹ̀: ẹ fi 01 sí iwájú tirẹ̀.