Báwo ni kí a ṣe máa ka èsì ìdíje Mastermind wa ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?

Akọ̀wé_Ìdíje:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mọ́kànlá ni a jọ ń díje nínú eré Mastermind lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, èmi ni wọ́n sì fi jẹ akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí àwọn tí eré yìí yé jù mí lọ gbà mí nímọ̀ràn.

Nítorí ẹni tí kò tíì ta á rí: kọ̀ǹpútà ni yóò fi nọ́ńbà mẹ́rin pamọ́ (òun ni à ń pè ní kóòdù), láti orí 1 títí dé 6, nọ́ńbà kan náà sì lè jẹ yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ń ta á yóò dá àbá nọ́ńbà mẹ́rin, kọ̀ǹpútà yóò sì fi èèkàn dá a lóhùn: èèkàn dúdú fún nọ́ńbà tí ó bọ́ sí ààyè rẹ̀ gan-an, èèkàn funfun fún nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí a gbé sí ààyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò ní tọ́ka sí èyí tí ó tọ̀nà. Iye nìkan ni yóò sọ, olúwarẹ̀ ni yóò sì fi orí ara rẹ̀ wá ìyókù.

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, kóòdù kan náà ni gbogbo wa ń tú lójúmọ́, tuntun a sì máa jáde ní agogo méjìlá òru, aago Èkó. Olúkúlùkù yóò sọ iye àbá tí ó fi tú u, a ó ro méjèèje pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Bí ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tí ó yára jù nínú wọn ni a ń fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan nínú wa ní 24. Ọjọ́ márùn-ún nínú méje ni ó fi àbá mẹ́ta péré tú kóòdù, ó fi mẹ́rin tú ọ̀kan, ó sì fi márùn-ún tú ìyókù. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e ní 31. Láti ìgbà náà ni ìkùnsínú ti bẹ̀rẹ̀: àwọn kan ní ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń bá a tú u, àwọn kan ní orí rẹ̀ ló pé, òun fúnra rẹ̀ sì búra pé òun kò lo ètò kankan. N kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìnídìí. Ǹjẹ́ a lè fi ìṣirò mọ̀ bóyá 24 bójú mu? Ǹjẹ́ ó sì tọ́ kí a máa fi aago ya àwọn tí ó bá dọ́gba? Èmi gan-an ti pàdánù ọ̀sẹ̀ kan rí nítorí pé ojú ewé náà kàn ń yí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn tí mo ti fi àbá kẹrin ránṣẹ́.

Olùkọ́_Ìṣirò:

Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà. Ìṣirò lè sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ ní lè sọ gbogbo rẹ̀.

Ààyè mẹ́rin, nọ́ńbà mẹ́fà fún ààyè kọ̀ọ̀kan: kóòdù tí ó lè wà jẹ́ 1,296, kò lé kò dín. Ní ọdún 1977, Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Stanford, fi hàn pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí a kò lè tú láàárín àbá márùn-ún. 1122 ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá fi 1111 bẹ̀rẹ̀, tí ìdáhùn tí ó burú jù sì bọ́ sí wa lọ́wọ́, kóòdù 625 ni yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá fi 1234 bẹ̀rẹ̀, 312 lè ṣẹ́ kù. 1122 kì í jẹ́ kí ó ju 256 lọ láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àbá tí ìdáhùn rẹ̀ tí ó burú jù yóò fi kóòdù díẹ̀ jù sílẹ̀ ni ó ń mú, kódà bí ó bá ti hàn gbangba pé àbá náà fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ kóòdù tí a ń wá. Ibi tí eré náà ti dùn mọ́ èmi nìyẹn, pé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ dá àbá tí kò ní tọ̀nà kí ọ̀nà lè là níwájú.

Ẹ wá wo ibi tí mo ń lọ. Nínú 1,296 náà, ìlànà Knuth máa ń tú ẹyọ kan ní àbá kìn-ín-ní, mẹ́fà ní ìkejì, 62 ní ìkẹta, 533 ní ìkẹrin, àti 694 ní ìkarùn-ún. Àròpọ̀ àwọn tí kò kọjá àbá mẹ́ta jẹ́ 69. Ẹni tí ń lo ìlànà yẹn lójoojúmọ́ yóò rí irú oríire bẹ́ẹ̀ ní bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Kí ó rí i ní ọjọ́ márùn-ún nínú méje, kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má yára pariwo ètò kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ méjì, Koyama àti Lai, ṣírò ìlànà tí ìpíndọ́gba rẹ̀ kéré jù lọ, ó sì jẹ́ àbá 4.34 fún kóòdù kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méje, yóò jẹ́ bí 30.4. Nítorí náà, ètò kọ̀ǹpútà tí ó gbọ́n jù láyé kò lè ṣèlérí èsì tí ó dára ju 30 tàbí 31 lọ fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀, ẹni tí ó sì ní 31 lọ́dọ̀ yín ti ta á bí Knuth fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ní 24 kò rí i nípa ìrònú, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀rọ. Yálà oríire rẹ̀ pọ̀ ju ti ènìyàn lásán lọ, tàbí ó ti mọ nǹkan kan nípa kóòdù náà kí ó tó jókòó tì í. Níbo ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa kóòdù ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ta ni ó sì ń kọ́kọ́ tú u?

Ìyá_Houston:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, èmi ni mo ń kọ́kọ́ tú u, ìbéèrè Olùkọ́ sì ti kó jìnnìjìnnì bá mi.

Ní àkókò tí a ti sún aago síwájú níbí yìí, wákàtí mẹ́fà ni Èkó fi ṣíwájú Houston. Bí kóòdù ọjọ́ Ajé ṣe ń jáde ní òru lọ́dọ̀ yín, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ mi. N óò ti jẹun alẹ́, n óò sì tú u kí n tó fọ abọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ yín ti sùn. Bí mo bá parí, mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ sí orí WhatsApp wa. Mo rò pé mo ń ṣọ́ra, nítorí pé mo máa ń fi àwọ̀ dúdú bo àwọn ìlà ìsàlẹ̀ kí ìdáhùn má baà hàn.

Ohun tí mo fi hàn ní Ọjọ́rú nìyí: 1122, èèkàn funfun méjì, 2341, èèkàn dúdú kan àti funfun méjì, 3251, èèkàn dúdú mẹ́ta. Mo bo ìkẹrin, tí í ṣe 3231, àti ìkarùn-ún, 4251, tí ó jẹ́ kóòdù náà gan-an. Àwọn tí ń ta Wordle, eré wíwá ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a máa fi àpótí aláwọ̀ lásán hàn láìsí lẹ́tà nínú rẹ̀. Èmi ò ronú kan ìyẹn, odindi nọ́ńbà ni mo ń fi hàn ní tèmi. Bí ó bá jẹ́ pé mo ti ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n_Leicester:

Ìyá Houston, ẹ má ba ara yín jẹ́. Àwọn ìlà mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí tilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti fi bíírò ṣírò wọn sí ẹ̀yìn àpò ìwé kan ní àárọ̀ yìí.

Èèkàn funfun méjì fún 1122 fi kóòdù 96 sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé 2 kan wà ní ààyè kìn-ín-ní tàbí ìkejì, tí 1 kan sì wà ní ìkẹta tàbí ìkẹrin, ìyẹn jẹ́ 64. Ó lè jẹ́ 2 méjì níwájú láìsí 1, ìyẹn 16, tàbí 1 méjì lẹ́yìn láìsí 2, ìyẹn 16 mìíràn. Ìdáhùn 2341 gé wọn kù sí 16. Ìdáhùn 3251 gé 16 náà kù sí mẹ́ta péré: 3231, 3261 àti 4251. Ẹni tí ó bá jí ní ìdájí, tí ó rí àwòrán yìí kí ó tó ṣí eré tirẹ̀, mẹ́ta ni ó kù fún un láti yàn nínú rẹ̀. Kódà bí ó bá kọ́kọ́ dá 1122 gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò ṣòro kí ó parí ní ìkẹta. N kò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ojú tí ó ti rí nǹkan kò lè tún ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ níbi mẹ́ta yẹn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àléébù ìlànà kíkà yín wà. Ìyá dá 3231. Bí kì í bá ṣe òun ni kóòdù, èèkàn dúdú mẹ́ta yóò túmọ̀ sí 3261, dúdú méjì yóò sì túmọ̀ sí 4251, kò sì ní kọjá àbá márùn-ún bó ti wù kí ó rí. Ẹni tí ó bá kánjú dá 4251 lákọ̀ọ́kọ́, tí kò sì bọ́ sí i, dúdú méjì kan náà ni yóò rí fún 3231 àti 3261, yóò sì lè bá ara rẹ̀ ní àbá kẹfà. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó kánjú ìbá gba mẹ́rin, ẹni tí ó ronú gba márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kéré jù láti fi mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí òpè. Nínú ayò, gbogbo ọmọ ayò ló wà lójú ọpọ́n, ojú ọ̀ta ló kàn jìn ju ti òpè lọ. Nínú èyí, òpè lè bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra kí ọ̀ta má rí nǹkan sọ.

Ilé iṣẹ́ Invicta Plastics, lẹ́bàá ìlú Leicester tí mo ń gbé yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé eré náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí Mordecai Meirowitz, ọmọ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ti dá a sílẹ̀. Mo ra páálí àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ó jókòó bí ọba, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ni ó wà lójú rẹ̀. (Èèkàn funfun méjì ti sọnù nínú rẹ̀, orí ìṣáná ni mo fi rọ́pò wọn.) Nínú òfin páálí yẹn, ènìyàn ni ó ń fi kóòdù pamọ́ fún ènìyàn, iye àbá tí ẹnìkejì fi tú u ni máàkì ẹni tí ó fi í pamọ́, wọ́n á sì pààrọ̀ ipò. Kò sí ọ̀rọ̀ aago níbẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ yọ aago kúrò. Ẹ máa dárúkọ ẹni tí ó ṣíwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ara lè máa yá wa, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kí ẹ fi dádé. Lórí kóòdù 28, ìlànà Knuth yóò mú bí 125 wá, oríire ọjọ́ méjì kò sì ní tó gbé ẹnikẹ́ni borí níbẹ̀. Bí ẹni méjì bá dọ́gba, ẹ wo ọjọ́ tí ó burú jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni tí kò kọjá márùn-ún rí ni kí ó ṣíwájú ẹni tí ó ti dé mẹ́fà.

Akọ̀wé_Ìdíje:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní alẹ́ àná. Ó ní òun máa ń yẹ WhatsApp wò lórí ibùsùn kí òun tó dìde, àwọn àwòrán náà sì máa ń ṣí fúnra wọn. Kò sí ohun tí ó sọ fún òun pé èèwọ̀ ni. Òótọ́ ló sọ, nítorí pé èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé kò ṣe òfin kankan nípa rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a yọ ọ̀sẹ̀ náà kúrò nínú èsì òun, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní 31 ni ó gba ọ̀sẹ̀ náà.

Láti ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, aago kò sí mọ́, àpapọ̀ kóòdù 28 ni a ó sì máa fi dádé. Ní ti àwòrán, mo rò pé kí Ìyá Houston máa fi èèkàn nìkan hàn láìsí nọ́ńbà, bí ti Wordle tí ó mẹ́nu bà. Ṣé ìyẹn tó?

Olùkọ́_Ìṣirò:

Kò tó, Akọ̀wé. Ẹ bi ara yín léèrè iye ènìyàn nínú yín tí kì í fi 1122 bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo yín bá mọ̀ pé 1122 ni Ìyá Houston máa ń kọ́kọ́ dá, tí ìlà àkọ́kọ́ sì fi èèkàn funfun méjì hàn, ẹni tí kò tíì ta rárá ti mọ̀ pé kóòdù 96 ni ó kù, àbá kan sì ti di ọ̀fẹ́ fún un. Iye àbá nìkan ni kí ó kọ, kí àwòrán dúró di òru ọjọ́ kejì, nígbà tí kóòdù tuntun bá ti jáde.