Kọ́ọ̀sì MEMS láìsí láàbù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́Asẹ́rò: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ju kọ́ọ̀sì MEMS (àwọn ẹ̀rọ tíntìntín tí wọ́n ń ṣe sórí chip) sí mi lọ́rùn fún àwọn ọmọ 400 level, ní Abẹ́òkúta níbí, multimeter àti soldering iron ló pọ̀ jù nínú láàbù wa, ká má tíì sọ cleanroom, yàrá tí eruku ò gbọ́dọ̀ wọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe chip. Tí mo bá kàn ń kọ fọ́múlà sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á sùn lọ ni. Kí lẹ̀yin fi ń bẹ̀rẹ̀?

ÌyáSẹ́ńsọ̀: Fóònù ọwọ́ wọn ni. Kí wọ́n download phyphox, áàpù tó ń fi sẹ́ńsọ̀ fóònù wọn nǹkan, ọ̀fẹ́ ni, RWTH Aachen ní Jámánì ló ṣe é. Kí wọ́n gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á rí i pé accelerometer (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí eré ṣe ń yí padà) ń ka nǹkan bíi 9.8 m/s² nígbà tí fóònù ò mì rárá, ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á, ẹ má tíì dáhùn o. Kí wọ́n wá jù ú sórí mátíráàsì, bó ṣe ń já bọ̀ ó máa sún mọ́ òdo. Ibẹ̀ lẹ máa ti sọ fún wọn pé ẹrù kékeré kan wà nínú chip yẹn tí spring sílíkọ́ọ̀nù gbé dání, tí ẹrù bá sún, capacitance (bó ṣe lè gba iná mọ́ra tó) á yí, ìyẹn ni fóònù ń kà.

ỌmọÌtòkú: Tó bá kan bí wọ́n ṣe ń ṣe chip yẹn, ẹ kó wọn lọ Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta níbí, jàre. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ á gbé páànù tí wọ́n ti gé iṣẹ́ ọnà sí lára lé aṣọ, á fi ẹ̀kọ pa á, á rì í bọ aró, á wá fọ ẹ̀kọ kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti chip: páànù ni mask, tó ń gbé àwòrán iṣẹ́ ọnà, ẹ̀kọ ni resist, tó ń bo ibi tí a ò fẹ́ kí nǹkan kàn.

Baba_Chip: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé aró ń kun aṣọ ni, etching, ìyẹn fífi kẹ́míkà gbẹ́ chip, ní tiẹ̀ ń jẹ ibi tí resist ò bò. Èyí tí mi ò ní fi ṣeré ni scaling, bí nǹkan ṣe ń yí ìwà tó bá ti kéré: nǹkan tẹ́ ẹ bá sọ di kékeré ní ìlọ́po 10, ìwúwo ẹ̀ á dín ní ìlọ́po 1000, ojú ara ẹ̀ 100 péré. Torí ẹ̀ ni beam (ọ̀pá) tíntín inú chip ò fi mọ̀ pé òun wúwo, àmọ́ tí omi bá gbẹ lábẹ́ ẹ̀ tó fà á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó lè má dìde mọ́, stiction nìyẹn. Ọmọ tí ò bá mọ èyí, fọ́múlà lásán ló ń há. HF (hydrofluoric acid) tí wọ́n fi ń jẹ oxide, ìpele tó wà lábẹ́ beam, kúrò ńkọ́? Fídíò ni kí wọ́n wò, ásíìdì yẹn ń wọ ara dé egungun.

Olùkọ́Asẹ́rò: Ẹ ṣé gan-an ni. Phyphox lọ́sẹ̀ yìí, Ìtòkú tí HOD bá fọwọ́ sí bọ́ọ̀sì.