Kí là ń sẹ́ gan-an, òróró ni tàbí hexane?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún àbá yín pé, lédè Yorùbá, ká máa pe iṣẹ́ fífi awọ fẹ́lẹ́ ya òróró sọ́tọ̀ kúrò lára hexane, ìyẹn kẹ́míkà olómi tí wọ́n fi ń yọ́ òróró, ní "sísẹ́ òróró pẹ̀lú awọ oníhò". Mo fara mọ́ "sẹ́", n ò fara mọ́ ìyókù.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nílé iṣẹ́ òróró sóyà, hexane ni wọ́n ń dà sórí sóyà tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, kó lè yọ́ òróró inú rẹ̀. Àdàlù ló ń ṣàn jáde (kì í ṣe ti ẹ̀wà àti àgbàdo o!), hexane ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ooru ni wọ́n fi ń lé hexane náà lọ, torí nǹkan bí ìwọ̀n 69 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì ló ti ń hó. Ìnáwó ńlá ni, hexane sì tètè ń gbiná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá awọ: wọ́n á fi agbára ti àdàlù náà mọ́ ọn, hexane á kọjá, òróró á ṣẹ́kù, torí mólékù òróró, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ, wúwo tó ti hexane ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Bí ẹlẹ́kọ bá ń sẹ́ ògì, ògì ló ń gba inú aṣọ kọjá, èérí ló ń ṣẹ́kù. Ẹni tó ń ku èlùbọ́, èlùbọ́ ló ń bọ́ sísàlẹ̀. Ohun tá a bá dárúkọ tẹ̀ lé "sẹ́", "kù" tàbí "jọ̀" ló ń kọjá. Bá a bá wá kọ "sísẹ́ òróró", ẹni tó gbọ́ Yorùbá á rò pé òróró ló kọjá, òdìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. "Sísẹ́ hexane kúrò nínú òróró" ló tọ̀nà, bó tilẹ̀ gùn.

"Oníhò" náà kò dúró. Awọ tí wọ́n fi rọ́bà silicone ṣe kò ní ihò: ńṣe ni hexane ń rin wọnú rọ́bà náà, táá sì jáde lódìkejì. "Awọ asẹ́" ti tó. Ẹni tó ní awọ ìlù nìkan ni "awọ" ń mú wá sọ́kàn, ṣé kò tíì bó ẹyin sísè rí ni?

Ó wá ku "omi ìyọ́nǹkan" tẹ́ ẹ pe hexane. Hexane àti omi kì í pò pọ̀, ẹ jẹ́ ká yọ omi kúrò níbẹ̀. "Ayọ́po" ni mo dábàá. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé "yọ́" yìí kan náà la ń lò fún òrí tó ń yọ́ lórí iná, láìsí ohun kankan tó pò mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú omi, kó jọ̀ọ́ mú un wá.