Igun dáì ECAP: ṣé 90 ni kí n mú ni, àbí 120?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ń ya àwòrán dáì ECAP (irin oníhò méjì tó pàdé ní igun, tí a ń ti ọ̀pá gbà kọjá kí hóró kéékèèké inú rẹ̀ lè túbọ̀ kúnná) fún ọ̀pá alumíníọ̀mù. Bí ihò méjèèjì bá pàdé ní igun 90, tí igun ẹ̀yìn (ìyẹn igun ìta níbi tí ihò ti yà) sì mú ṣáṣá, ìṣirò ní títì ẹ̀ẹ̀kan á yí ìrísí irin padà tó 1.15 (ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní strain), ní 120, 0.67 péré ni. Agbára ìtì á dínkù lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó la ó wá tì í kí hóró inú rẹ̀ tó kúnná?

Igun ẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Lórí kọ̀ǹpútà, alumíníọ̀mù kì í kún ibẹ̀ tán. Bí mo bá ṣe é roboto, ìsàlẹ̀ ọ̀pá kì í yí padà tó òkè. Ṣé gírísì lè yanjú ẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.