Ohun tí i3 kì í bá ni ṣe: ìrírí mi ní Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Ṣómólú, kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ọ̀tìgbà, tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ, ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, pẹ̀lú GNOME, ètò tó ń gbé ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí LibreOffice àti Firefox pọ̀, n ó ra ẹ̀wà àgànyìn dé kí ó tó dá mi lóhùn. Àbúrò mi ló ní kí n gbé i3 wọ̀ ọ́, ètò fífúyẹ́ kan tó ń to fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, kí n máa lò ó dípò GNOME.

Gbígbé e wọlé kò le. Mo tẹ «sudo apt install i3», mo jáde, mo yan i3 níbi ìwọlé, ó bi mí bóyá bọ́tìnì Windows tàbí Alt ni n ó máa fi pàṣẹ fún un, mo sì mú ti Windows. Ojú dúdú ló kù, àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, àfi ìgbà tí àbúrò mi tẹ bọ́tìnì náà pọ̀ mọ́ Enter tí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, sì yọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún oníbàárà kan, iná ti lọ, n kò tíì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ sì kú lójijì. GNOME a máa kìlọ̀ bí bátìrì bá ń tán, ṣùgbọ́n títo fèrèsé ni iṣẹ́ tí i3 mọ̀. Kí n má parọ́, i3status, ètò kékeré tó ń bá i3 rìn, ti kọ iye bátìrì tó kù sí ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ó tilẹ̀ ti sọ ọ́ di pupa. Èmi ni n kò wobẹ̀. Oríkì olóògbé tí mo ti fi àmì ohùn sí tán bá a lọ.

Àmì ohùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Kí kíbọ́ọ̀dù lè di ti Yorùbá, mo kọ «exec setxkbmap ng yoruba» sínú ~/.config/i3/config, fáìlì tí i3 ti ń ka àṣẹ rẹ̀, mo tún i3 bẹ̀rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù kò yí padà. Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nìkan ni exec ń ṣiṣẹ́; exec_always ló ń ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà tí a bá tún un bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fi wá ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Ní ti bátìrì, mo kọ àṣẹ kékeré kan tó ń ka /sys/class/power_supply/BAT0/capacity ní ìṣẹ́jú méjì méjì, tí ó sì ń fi i3-nagbar, ìlà ìkìlọ̀ tí i3 máa ń gbé sójú kọ̀ǹpútà, ké sí mi bí ó bá ti wálẹ̀ dé 20%. Exec lásán ni mo fi gbé èyí, kí ó má baà di méjì, di mẹ́ta. Ó ti ké lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀.